Ímeèlì ta ló wà lórí CV rẹ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan ládùúgbò wa gbé CV rẹ̀ wá pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó.” Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni. Ìwé náà dára, àfi ímeèlì òkè rẹ̀: ti ọmọkùnrin tó bá a tẹ̀ ẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni. Àyà mi já. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáṣẹ́ sọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí iṣẹ́. Lóṣù Kẹta ọdún 2014, ₦1,000 ni wọ́n ti gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń wá iṣẹ́ Immigration. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n fún ìdánwò ní pápá ìṣeré, ọmọ ọlọ́mọ kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna.

Ìkejì, kí ímeèlì tẹ́ ẹ fi ń wáṣẹ́ jẹ́ tiyín. Èyí ló jẹ mí níyà.

Ọdún 2006 ni, n'Ìbàdàn. Ìwé ìròyìn The Guardian ọjọ́ Ìṣẹ́gun la fi ń wáṣẹ́ nígbà náà. Àwa tí ò lówó rẹ̀ á yí fẹ́ńdọ̀ ká l'Àgbowó, a ó fi báírò kọ àdírẹ́sì sí àtẹ́lẹwọ́. Bó o bá kọ lẹ́tà, wàá gbé e dé ẹnu géètì fúnra rẹ, wàá sì mọ ojú ẹni tó gbà á. Àfi ìgbà tí iléeṣẹ́ kan n'Ìkẹjà ní ímeèlì nìkan làwọn máa gbà. N ò ní. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan ní káfẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, àkókò ti ń lọ. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ní, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fi tèmi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti fèsì, mo máa pè yín.” Ó kọ nọ́ńbà mi sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń yà níbẹ̀. “Kò tíì sí nǹkan kan o.” Lọ́jọ́ kan mo ní kó jẹ́ n jókòó wò ó fúnra mi. Ojú ewé kẹta ni mo ti rí i, lẹ́tà rẹ̀ dúdú kirikiri, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i. Wọ́n ti pè mí fún íńtáfíù. Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí ọjọ́ náà ti kọjá. Mo ṣì wọkọ̀ lọ s'Ìkẹjà. Ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kí n wọlé. Kóòtù tí màmá mi fowó àjọ rà ló wà lọ́rùn mi nínú oòrùn yẹn. Ọdún kan àtoṣù méjì ni mo tún fi jókòó sílé. N ò tíì dárí ji ọmọkùnrin náà, n ò ní purọ́ fún yín.

Ayé tiyín tún le ju tiwa lọ. Láti ìgbà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU ti dá Jobberman, ìkànnì tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ n'Ifẹ̀ ní 2009, díẹ̀díẹ̀ ni géètì tí èèyàn lè lọ dúró sí ń dín kù. Èmi náà ń gbani síṣẹ́ báyìí. Ẹni tá a bá kọ̀wé sí tí kò fèsì, orí ẹni tó tẹ̀ lé e la máa bọ́ sí, a kì í wá a kiri.

Mo jókòó ti àbúrò yẹn títí ó fi ṣí ímeèlì tirẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ní ibi mọ́kànlá lòun ti fi CV ti tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí. A pe ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà náà. Fóònù dún títí, kò gbé e.