Kí ẹ tó gbà kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì skúta yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun skúta lágbègbè Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì tó wà lọ́dọ̀ wa, ọ̀kadà ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀kadà ní ṣéènì, ó sì ní jíà tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Skúta tó ń fúnra rẹ̀ yí jíà kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì fún táyà ẹ̀yìn, abẹ́ ìdérí gígùn tó wà lápá òsì ló sì wà. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ẹ́ńjìnì ni yóò máa dá lẹ́bi ṣáá.

Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé, Àgọ́-Ìwòyè ni mò ń gun tèmi lọ, 150cc ni. Nígbà tó yá, tí mo bá ti dé gẹ̀rẹ́ òkè, ariwo rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, eré rẹ̀ á máa dín kù. Mẹ́káníìkì kan gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí, ó ní, “Àǹtí, ríìngì ló ti jẹ. Títú la máa tú u.” Mo ní kó jẹ́ n lọ rò ó ná.

Ríìngì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí písítìnì ká nínú ẹ́ńjìnì. Èyí tó bá ti jẹ kì í sábà fara pamọ́. Èéfín búlúù á máa jáde ní sàlẹ́ńsà, ọ́ìlì á sì máa fà. Tèmi ò ṣe méjèèjì. Tí ẹ́ńjìnì bá ń pariwo tó yẹ, àmọ́ tí skúta ò sáré, ibi tí bẹ́líìtì wà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń wúkọ́ tó ń kú, ẹ wo iná, epo àti atẹ́gùn.

Ọmọ mi bá mi tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì fi sípánà 8 tú bóòtù ìdérí náà ní kọ̀ọ̀kan. Eruku dúdú rọ́bà ló bo gbogbo inú rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ bẹ́líìtì náà kọ, ó sán láàárín eyín. Púlì méjì ni bẹ́líìtì ń yí lé lórí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Rólà mẹ́fà tó wà nínú púlì iwájú, tó yẹ kí wọ́n rí róbótó, ti yọ ojú pẹrẹsẹ lápá kan, ni wọn ò bá lè yí bó ṣe yẹ mọ́. Kò sóhun tó ṣe ríìngì.

Tí ẹ bá fẹ́ ra bẹ́líìtì òmíràn, ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, bíi 743-20-30 tàbí 842-20-30: gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, àti bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe dagun sí. Kí nọ́ńbà náà bára mu pátápátá. Ẹ má gba “yóò ṣe é lò” lẹ́nu ẹni tó ń tajà.

Ibi tó nílò sùúrù jù ni ìgbà tí ẹ bá ń dá bẹ́líìtì padà sáyè rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ya púlì ẹ̀yìn kí bẹ́líìtì lè rì wọ inú rẹ̀. Tó bá ti rì wọlé lẹ́yìn, á dẹ̀ níwájú, kò sì ní há sáàárín irin méjèèjì tó para pọ̀ di púlì iwájú nígbà tí ẹ bá ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀. Tó bá há, nọ́ọ̀tì á dà bí èyí tó ti le, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì ló dí i lọ́nà. Ẹ óò gùn ún díẹ̀, bẹ́líìtì á bọ́ sípò, nọ́ọ̀tì á tú lójú títì. Ẹ má sì ki súkúrúdíráfà bọ abẹ́ fáànù tó wà lára púlì iwájú láti fi dá a dúró, ńṣe ló máa kán. Gírísì ò gbọdọ̀ kan bẹ́líìtì rárá.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù rọrùn. Púlọ́ọ̀gì tó dúdú bí èédú ń sọ pé epo pọ̀ jù fún atẹ́gùn tó ń wọlé, ẹ wo fíltà atẹ́gùn yín, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí erùpẹ̀ pupa bá gba títì. Fíltà fóòmù ṣeé fọ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ. Ti pépà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Jíà ẹ̀yìn ní ọ́ìlì tirẹ̀, nǹkan bíi 110 ml nínú tèmi, ọ̀tọ̀ ni sí ti ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gun skúta fún ọdún púpọ̀ láì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń dùn mí.

Bíréèkì ni mo máa ń gbé lọ fún ẹlòmíràn, mẹ́káníìkì tó ti tú skúta rí, mo sì máa ń dúró tì í títí tó fi ń parí rẹ̀. Tó bá ṣe tán, inú ọgbà ni mo ti ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, kí n tó jáde sí títì.