Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ọ̀nà Sumy Là

Ẹ yin Olúwa! Ẹ tún un yìn!

Pásítọ̀ wa, ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá, ọmọ tí mo torí rẹ̀ dìde rèé. Ẹ wò ó dáadáa. Ìlú Sumy ní Ukraine ló ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun wọlé ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2022.

Ní Ìkòròdú níbí, wọ́n ń bi mí pé, “Ìyá Dókítà, kí ló dé tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pólàńdì bíi tàwọn yòókù?” Àwọn tó wà ní Lviv, ìlú tó sún mọ́ Pólàńdì, ni ìyẹn rọrùn fún. Ẹ̀gbẹ́ Rọ́ṣíà ni Sumy wà. Ọjọ́ kìíní gan-an ni ọkọ̀ ogun ti dé ibẹ̀. Ọ̀nà dí, ọkọ̀ ojú irin ò rìn mọ́.

Bí èmi elẹ́ja yíyan ní Ẹ̀bùté ṣe di ẹni tó ń tú ìròyìn ogun nìyẹn. Bí wọ́n bá ní wọ́n ń jà ní pápákọ̀ òfurufú Hostomel lẹ́bàá Kyiv, olú ìlú wọn, máa ní kí wọ́n bá mi wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n gba Kherson, mo ní gúúsù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta tí bọ́ǹbù balẹ̀ ní gbàgede Kharkiv, tí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Íńdíà kan sì kú nílùú náà, ẹja jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ dókítà lòun náà ń kọ́.

Ní Sumy, iná lọ, omi lọ. Yìnyín ni wọ́n ń bù sínú ìkòkò, kó yọ́ kí wọ́n rí nǹkan mu. Ní ọjọ́ 4, bàálù àkọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wa dé Àbújá. Mo ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan lórí tẹlifíṣàn, bẹ́ẹ̀ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá tèmi sọ̀rọ̀ tán nínú ihò abẹ́ ilé ni!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7, wọ́n ní kí wọ́n di ẹrù. Wọ́n dì í tán, wọ́n ní kí wọ́n padà. Alẹ́ yẹn ni bọ́ǹbù bọ́ lu ilé àwọn èèyàn ní Sumy, ó lé ní 20 tó kú, ọmọdé wà níbẹ̀. Mo pe ọmọ mi, kò wọlé. Mo tún pè. Alhájà tá a jọ ń gbélé ló wá jókòó tì mí di àárọ̀, òun ń fa tẹ̀sùbáà, èmi ń ké Jésù. (Ó wà níta o. Ó ní òun ò ní wọlé, ṣùgbọ́n òun á jẹ ìrẹsì.)

Lọ́jọ́ kejì, Rọ́ṣíà àti Ukraine gbà kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún wákàtí díẹ̀. Bọ́ọ̀sì kó wọn. Ilẹ̀ ti ṣú kí fóònù mi tó dún: “Mọ́mì, a ti dé Poltava.” Ẹ̀yin ará, mo jó láìsí ìlù! Lviv ló kàn, lẹ́yìn náà Pólàńdì. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ti àwọn aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn ní ààlà, tèmi kọjá.

Ọmọ mi ní awakọ̀ tó gbé wọn fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Sumy, ó ń padà lọ kó ẹlòmíì. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un kí n tó jókòó.

Ẹja wà lẹ́yìn ìsìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sanwó.