Tiransísítọ̀ tí kì í ráyè sinmi

Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé tí òtútù bá ti mú, ìdajì ojú ẹ̀ nísàlẹ̀ á kàn dàrú ni. Òkè á mọ́ kedere, ìsàlẹ̀ á máa ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí mo bá wá tàn án sílẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú tára ẹ̀ móoru, á padà sípò bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wáyà ló já. Wáyà kọ́ o, sákíìtì tó ń ṣí ìlà skrín ni.

Skrín tó bá jẹ́ 1920 × 1080, ìlà 1080 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣí wọn ní kọ̀ọ̀kan kí àwòrán lè wọlé, látòkè dé ìsàlẹ̀, ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé ìlà kan ò ní ju nǹkan bíi microsecond 15 lọ. Tẹ́lẹ̀, chip ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ etí gílàásì láti ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ní báyìí orí gílàásì gangan ni wọ́n ń tẹ sákíìtì ẹ̀ sí, òun ni wọ́n ń pè ní GOA (gate driver on array). Owó ẹ̀ dín kù, etí skrín náà á sì tín-ín-rín. Bó ṣe ń ṣe é ni pé tí ìlà kan bá ṣí, òun náà lá jí èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn á jí òmíì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹ ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀: tí 540 bá sùn lọ, ta ló fẹ́ jí 541?

Tiransísítọ̀, ìyẹn swíìṣì iná kékeré, ló ń ṣe iṣẹ́ inú sákíìtì yẹn. Èmi rò pé èyí tó tóbi, tó ń ti iná jáde sórí ìlà, ló máa kọ́kọ́ rẹ̀, àṣé òun gan-an ló ń gbádùn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣiṣẹ́ nínú fíréèmù kan (odindi àwòrán kan), á sì jókòó. Ẹni tíyà ń jẹ ni èyí tó ń di ìlà mọ́lẹ̀ kó má baà ṣí nígbà tí kò yẹ. Clock, ìyẹn iná tó ń ka àsìkò fún sákíìtì, ò kúkú dúró, bó ṣe ń lọ sókè sódò ló ń gba ara tiransísítọ̀ ńlá yẹn jò wọlé, tó fẹ́ gbé ìlà dìde, tí ẹni tó dì í mú bá fi lè tú ọwọ́ sílẹ̀, ìlà méjì á ṣí pa pọ̀, àwòrán á wọnú ara wọn. Torí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìgbà tí skrín bá fi wà ní títàn ni fọ́ltéèjì fi wà lórí géètì ẹ̀, ìyẹn ẹnu tí wọ́n fi ń ṣí i tí wọ́n sì fi ń pa á. Ẹni tó di ilẹ̀kùn mú látàárọ̀ dalẹ́, ṣé apá ò ní ro ó ni?

Amorphous silicon tí wọ́n fi ṣe é ò sì lè fara da irú ẹ̀. Átọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tò létòletò, tí fọ́ltéèjì bá pẹ́ lórí ẹ̀, àwọn ibi tí wọn ò ti di ara wọn mú dáadáa á já, electron míì á lọ há sínú ohun tó ya géètì sọ́tọ̀, ni fọ́ltéèjì tí tiransísítọ̀ nílò kó tó ṣí á bá máa gòkè. Ooru tún ń mú ìyẹn yára. Òtútù ní tiẹ̀ kì í gbó o, ó kàn ń mú kí electron máa wọ́ ni, ìdí nìyẹn tí èyí tó ti gbó fi ń tú ara ẹ̀ fó láàárọ̀ tí òtútù bá mú.

Ọgbọ́n tó wù mí jù ni kí wọ́n fi tiransísítọ̀ méjì síbi iṣẹ́ ẹyọ kan, kí wọ́n máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí èyí bá ń dì í mú, ìkejì á wà lábẹ́ fọ́ltéèjì tó lọ sísàlẹ̀ òdo, lára àwọn electron tó há yẹn á sì jáde. Kì í wò ó sàn tán o, ṣùgbọ́n ó ń fa ọjọ́ gùn. Àyè ló ń gbà, àwa tá a sì ń pariwo pé a ò fẹ́ rí etí skrín rárá, àwa là ń ba iṣẹ́ jẹ́ fáwọn tó ń yà á.

Àwọn míì á kàn fi kún fọ́ltéèjì tó ń ṣí ìlà. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù nìkan, tí chip ń fi ooru ara skrín wọ̀n ọ́n, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kó wà lókè títí, gbèsè lẹ̀ ń jẹ yẹn, ohun tó ń gbó o náà lẹ tún ń fi kún un.

IGZO, ohun míì tí wọ́n ń fi ṣe tiransísítọ̀ dípò silicon, ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ìwádìí Hideo Hosono ní Japan fi tiransísítọ̀ ẹ̀ hàn lórí ṣíìtì rọ́bà ní 2004, electron ń sáré nínú ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti amorphous silicon tàbí jù bẹ́ẹ̀, torí náà tiransísítọ̀ lè kéré, àyè á sì wà fún méjì-méjì tí mo ń wí yẹn. Ìwà tiẹ̀ ni pé tí ìmọ́lẹ̀ bá pàdé fọ́ltéèjì òdì lára ẹ̀, fọ́ltéèjì tó nílò kó tó ṣí á máa rìn sẹ́yìn, dé ibi tí kò fi ní pa mọ́ dáadáa mọ́. Àwọn tó ń ya sákíìtì ẹ̀ á wá lo fọ́ltéèjì ìsàlẹ̀ oríṣi méjì kí wọ́n lè rí i pa pátápátá.

Láptọ́ọ̀pù mi yẹn ṣì wà. Kò sí chip téèyàn fẹ́ yọ, gílàásì ni sákíìtì ọ̀hún, skrín odindi lèèyàn á pààrọ̀, mo bá so skrín míì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, mo sì fi tiẹ̀ sílẹ̀ ní pípa.