Irú Ìgò Wo Lẹ Fẹ́ Fa Ẹ̀jẹ̀ Yẹn Sí? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lórí Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró nílé, tí dókítà ti sọ fún yín pé ó ti tàn kálẹ̀, tó wá ní kí ẹ lọ fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò DNA, ìyẹn èyí tó ń wá àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ti ta ló bí ọmọ, ẹ dúró ná. Kí nọ́ọ̀sì tó so rọ́bà mọ́ aláìsàn yín lápá, ẹ bi í pé irú ìgò wo ni ẹ̀jẹ̀ yẹn máa wọ̀. Bí wọ́n bá ń wò yín bí onímọ̀ọ́tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò yín. Ohun yòówù tí mo bá tún sọ nísàlẹ̀, èyí ni olórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tíṣà ni wọ́n ní Yaba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọn ò mu sìgá rí láyé wọn. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ìbéèrè tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bi wá nìyẹn, bí ẹni tí ọlọ́pàá ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ikọ́ ife ni, wọ́n sì kó oògùn ikọ́ ife fún wọn, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò gbé kòkòrò ikọ́ ife kankan jáde. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Ìgbà tí omi kún àyà wọn, tí wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, la tó rí owó síkáànù san. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti dé egungun ẹ̀yìn.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn bu díẹ̀ lára ẹran rẹ̀. Díẹ̀ yẹn tó láti fi mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́, kò tó fún àyẹ̀wò jíìnì, ìyẹn àwọn ìlànà inú DNA tó ń darí sẹ́ẹ̀lì. Dókítà ní bí a bá tún gún un, afẹ́fẹ́ lè jò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró kó sì rún un pọ̀, èémí tí wọ́n sì ń mí nígbà yẹn, kò sí èyí tí a lè fi ta tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti wọlé. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá ṣe ń kú ni DNA rẹ̀ ń já sínú ẹ̀jẹ̀, láàbù á ṣa á jọ, wọ́n á wò ó bóyá ó ní àléébù kan tí oògùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó ka orúkọ jíìnì lọ bí rẹrẹ: EGFR, ALK, ROS1, KRAS, MET. Bó bá jẹ́ EGFR, oògùn oníhóró ni wọ́n á máa gbé mì nílé. Bí kò bá sí èyí tó ní oògùn, ó di kẹ́mò, oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ.

Bùrọ̀dá wa kan ní jìbìtì ni, pé ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹ̀jẹ̀ apá ń sọ ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wò ó, láti 2016 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń wá EGFR fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tó di 2020, wọ́n fọwọ́ sí Guardant360 CDx àti FoundationOne Liquid CDx, tí wọ́n ń wo ọ̀pọ̀ jíìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Ẹtì la lọ fa ẹ̀jẹ̀ náà, ní láàbù kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n gbowó, wọ́n fún wa ní rìsíìtì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò onídèérí elése àlùkò, ìyẹn èyí tí wọ́n ń lò fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán, wọ́n sì gbé e sínú fíríìjì. Ó sùn síbẹ̀ títí di Mọ́ńdè kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sókè òkun. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀ o, ṣùgbọ́n láàrin wákàtí mélòó kan ló yẹ kí wọ́n ti yí i nínú ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ omi ẹ̀jẹ̀ kúrò lórí sẹ́ẹ̀lì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́, DNA tirẹ̀ á sì bo ìwọ̀nba ti jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀. Ó dà bí kí èèyàn máa wá ọmọ tó sọnù ní Balógun nígbà tí Kérésì ku ọ̀la. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa rí i?

A wá ń dúró dè é. Orí Third Mainland ni mo wà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti dè wá mọ́lẹ̀ lọ́kàn Adékúnlé, nígbà tí ìméèlì wọlé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ náà ò ṣeé lò, kí a fa òmíràn ránṣẹ́. Mo pe láàbù ibí. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú sà, ó máa ń ṣẹlẹ̀." Ó máa ń ṣẹlẹ̀! Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti ń jókòó sùn, pílò mẹ́ta lẹ́yìn, ọ̀kan láyà tí wọ́n ń dì mọ́ra.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì wá iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́, kò rí i. Ó wá a ní ẹ̀yìn ọwọ́, ó gún un, ó sá fún un. Ó bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ó gbá a pẹ́pẹ́pẹ́, ó ní kí n lọ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò ké. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Kí ló dé tí wọ́n dá a padà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tèmi ò dáa tó ni?" Èèyàn tó ti gé máàkì fọ́mọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n fìdí rẹmi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgò ni kò dáa, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yín." Wọn ò dáhùn. Títí di òní, bí mo bá rí ìdérí elése àlùkò, inú mi máa ń ru.

Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà fúnra rẹ̀ ló wá ìgò tó yẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Streck. Oògùn kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì bẹ́, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fẹ́ fíríìjì. Wọn kì í gbọ̀n ọ́n. Ṣe ni wọ́n ń dojú ẹ̀ dé tí wọ́n sì ń yí i padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Èmi ni mo kà á sókè létí nọ́ọ̀sì. Ó bínú sí mi, mo gbà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà la fa ẹ̀jẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́mò bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àyà tó kún fómi ò lè dúró de láàbù. Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra wọn nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, kẹ́mò tẹ̀ lé e. Bí kẹ́mò bá ti ń pa jẹjẹrẹ, DNA rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè dín kù débi tí ẹ̀rọ ò ní rí i. Ẹnì kan ní kí a fi immunotherapy, oògùn tó ń ran ọmọ ogun ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà, kún un, dókítà kọ̀: ó ní bó bá padà jẹ́ EGFR, oògùn EGFR tó bá tẹ̀ lé immunotherapy kíákíá lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú. Èsì dé: EGFR, exon 19, ìyẹn apá tí àléébù wà lára jíìnì náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ osimertinib, oògùn EGFR, hóró kan tó jẹ́ 80 mg lójúmọ́. Ikọ́ lọ, omi àyà gbẹ, wọ́n ti ń lọ ra ata fúnra wọn ní Tẹ̀júoṣó.

Ẹnì kan máa sọ pé olówó ni wá. Ilẹ̀ kan ní Ìkòròdú ló di oògùn yìí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àdúrà ló ṣe é, a gbàdúrà dáadáa, àdúrà náà ló rán wa sí ìgò tó yẹ.

Bí èsì tiyín bá wá dé tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, ẹ má gbà pé kò sí nǹkan. Jẹjẹrẹ mìíràn kì í da DNA tó pọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá èyí tó jẹ́ pé inú ọpọlọ nìkan ló ti ń ṣọṣẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè fo irú àléébù bí ALK àti ROS1. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè padà sórí ẹran ara. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè ìyẹn pàápàá, ẹ béèrè irú ìgò tí ẹ̀jẹ̀ bá lọ, ọjọ́ tí wọ́n fà á, àti ọjọ́ tó dé láàbù. Ó yẹ kí déètì méjèèjì wà lórí ìwé èsì. Ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹ ò bá mọ ẹni tó máa gbé e lọ.

Wọ́n ti sọ fún wa pé oògùn yìí kì í wo jẹjẹrẹ tán. Lọ́jọ́ kan, jẹjẹrẹ á mọ bó ṣe máa yẹra fún oògùn náà, a ó sì tún fa ẹ̀jẹ̀ láti mọ ọ̀nà tó gbà. A ti mọ̀.

Ohun tó ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú báyìí ni èékánná. Oògùn náà ń jẹ́ kí ẹran ẹ̀gbẹ́ èékánná máa wú, kó sì máa ta wọ́n, wọn ò lè bó ẹ̀wà mọ́, ìyẹn sì dùn wọ́n ju kẹ́mò lọ. Ẹ̀yin tí aláìsàn yín ń lo osimertinib, kí lẹ fi ń ṣe é? Wọ́n ní kí n bi yín, wọ́n sì ń dúró de ìdáhùn.