Ìnàkí tó jẹ dòdò Ìkirè mi, àti ohun tí mo kọ́ kí n tó rí erin

Ìnàkí náà ò tilẹ̀ sá. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá, mo bá a tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wa, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ìyá ọlọ́jà tó ń ka owó, ó ń tú ewé dòdò Ìkirè mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Á mú ẹyọ kan, á gbóòórùn ẹ̀, á jẹ ẹ́, á wá fi ọwọ́ tó kún fún epo nu ara bẹ́díṣíìtì funfun. Nígbà tí mo figbe ta, ó gbójú sókè wò mí, ó kó ewé méjì tó kù mọ́ àyà, ó sì gba ojú fèrèsé tí èmi fúnra mi ṣí sílẹ̀ jáde. Àwọn ẹbí ẹ̀ ń dúró dè é níta, tọmọtọmọ.

Yankari nìyẹn, igbó tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ní ìpínlẹ̀ Bauchi, oṣù Kẹjọ 2017. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa nígbà tí wọ́n ń fún wa ní kọ́kọ́rọ́ o: ẹ má ṣí fèrèsé sílẹ̀ tí ẹ bá ń jáde, ẹ má gbé oúnjẹ síbi tí ojú ti lè rí i. Èmi ní ooru ń mú mi. Ẹ̀bi mi ni, mi ò rí ẹlòmíì dì í rù.

Láti ìgbà tí mo ti fi àwòrán erin sórí WhatsApp, ó ṣòro kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí oníbàárà kan má bi mí ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn pé, "Ìyá Ìbejì, ibi tí ẹ lọ yẹn ńkọ́, ṣé ó dáa?" Tí mo bá ní ó dáa, ìbéèrè tó máa tẹ̀lé e ni bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ amúlétutù, ṣé omi máa ń yọ ní balùwẹ̀. Mi ò bá wọn wí. Ohun témi náà bèèrè nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ti mọ iye bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú yàrá kí n tó mọ oṣù tí erin máa ń jáde.

Oṣù yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀. A lọ nínú oṣù Kẹjọ torí ìgbà náà làwọn ọmọ wà nílé fún ọlidé gígùn. Ọkọ̀ òfurufú gbé wa láti Alákìá dé Àbújá, a wọ mọ́tò gba Jos lọ sí Bauchi, a sùn síbẹ̀, ilẹ̀ mọ́ ká tó wọgbó. Emi, bàbá àwọn ọmọ, àwọn ìbejì, àti ìyá ọkọ mi tó ní òun ò ní kú láì rí erin. Òjò ti rọ̀ títí, koríko ga ju ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àlejò kiri lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tó 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin, omi sì wà nínú gbogbo kòtò ẹ̀ lásìkò òjò. Ẹranko tó ń rí omi mu lẹ́yìnkùlé ara ẹ̀, kí ló fẹ́ wá ṣe lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà?

A yí igbó fún wákàtí méjì. A rí ìmàdò méjì tí wọ́n na ìrù sókè bí ọ̀pá ẹ̀rọ rédíò, wọ́n sá lọ. A rí igi tí erin ya lulẹ̀. A rí ìgbẹ́ erin. Kẹ́hìndé pariwo pé òun rí nǹkan ńlá kan tó kọjá fìrí lẹ́yìn igi. Ìyá ọkọ mi ò tilẹ̀ yí orí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ àjànàkú ni, o ò ní sọ pé fìrí." Nígbà tí a padà dé àgọ́, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ìyàwó mi, ṣé koríko la sanwó wá wò ni? Ṣebí koríko wà ní Mọ́níyà."

Ohun míì tí mo ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àdìrẹ ni mo ń tà. Mo rán àǹkóò fún gbogbo wa, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí Mápó wà lára ẹ̀, aró dúdú kirikiri. Mo ní kí àwòrán wa yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́. Kò sí àwọ̀ tí eṣinṣin tsetse fẹ́ràn tó búlúù àti dúdú. Aṣọ búlúù àti dúdú gan-an ni wọ́n fi ń dẹ pàkúté fún un. Gbogbo eṣinṣin igbó yẹn bá wa ṣe àríyá. Kì í rọra jẹni bí ẹ̀fọn o, ó ń gún ni bí abẹ́rẹ́, orí aṣọ náà ló sì ti ń gún ni. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó mú wa lọ, Mallam kan tó ti ta tòmátò ní Ṣáṣá rí, wo bàbá àwọn ọmọ tó ń gbá ara ẹ̀ lẹ́yìn, ó sì fi Yorùbá Ṣáṣá ẹ̀ sọ pé, "Alájì, aṣọ yìí, kò dáa. Eṣinṣin fẹ́ràn ẹ gan." Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀, apá gígùn, ṣòkòtò gígùn. Ẹ fi Ìbàdàndùn sílé de ọjọ́ ìgbéyàwó.

Mallam yẹn ló là mí lójú. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìnàkí kó dòdò mi, mo lọ ráhùn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó wá bi mí pé ta ló ní kí n wá nígbà òjò. Ó ní láti oṣù Kọkànlá títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé ni kí èèyàn wá, pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣe ń le sí i ni kòtò omi ń gbẹ, tí iná á sì ti jó koríko, odò Gaji nìkan ni gbogbo ẹranko á gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ní kí n má san owó yàrá ńlá mọ́, kí n fi owó náà gba ọkọ̀ tó máa jẹ́ tiwa nìkan, ká lè jáde kí oòrùn tó yọ. "Erin kò sùn ní bẹ́ẹ̀dì ẹ, Màmá. Kí lo fẹ́ fi bẹ́ẹ̀dì ńlá ṣe?"

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìrìn àkọ́kọ́ yẹn bàjẹ́ pátápátá ṣá. Omi Wikki wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Ìkọ̀gòsì, ẹ mọ omi gbígbóná, ṣùgbọ́n tibẹ̀ yẹn fẹ̀ bí odò, ó mọ́ gaara dé yanrìn ìsàlẹ̀, ìwọ̀n 31 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ló sì máa ń wà tọ̀sán tòru. Ìyá ọkọ mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu jókòó sínú ẹ̀ dé ọrùn, ó kọ̀, kò jáde. Ọ̀sán pọ́n, ó wà níbẹ̀. Oúnjẹ dé, ó ní kí wọ́n gbé e wá.

A padà lọ ní oṣù Kejì 2018, nígbà tí iléèwé gba ìsinmi àárín sáà. Lọ́tẹ̀ yìí yàrá kékeré ni mo gbà, a tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ la ti jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú súwẹ́tà lọ o. Ọyẹ́ òkè ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tó ń fẹ́ ní Bódìjà. Lórí ọkọ̀ tí kò ní fèrèsé, eyín mi ń lu ara wọn, omi Wikki sì ń rú èéfín nínú òkùnkùn bí ìkòkò ẹ̀kọ.

Igbó ti yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀ dúdú níbi tí iná ti jó o, ojú ríran jìnnà láàárín igi. Kí oòrùn tó yọ dáadáa la ti rí àwọn ẹtu, àti ẹran ńlá kan tó dà bí àgbọ̀nrín, onírun gígùn, tí ìdí ẹ̀ funfun bí ẹni jókòó sínú ẹfun. Mallam dá ọkọ̀ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ìka ya ìgbẹ́ erin kan sí méjì, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan inú ẹ̀. Ó ní, "Ó gbóná." Ó gbọn erùpẹ̀ díẹ̀ dànù lọ́wọ́ láti wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó wá ní kí awakọ̀ yí gba apá kejì, kí atẹ́gùn má baà gbé òórùn wa lọ bá wọn.

Mọ́kànlá ni wọ́n. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹran tó tóbi tó yẹn! Mallam ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn rọ̀ bí tìmùtìmù. Ẹ̀ka igi tó ń ṣẹ́ nìkan ni mo ń gbọ́, àti ohùn kan tó ń kù bí ìgbà tí ààrá ń kù lókèèrè. Èyí tó ṣáájú dúró, ó na etí méjèèjì gbàgà, ó kọjú sí wa. Ẹnikẹ́ni ò mí. Mallam sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé obìnrin ni, pé ìyá àgbà ilé ló máa ń ṣáájú wọn, òun ló mọ ibi tí omi wà lọ́dún tí ọ̀dá bá dá.

Ìyá ọkọ mi rọra tẹ orúnkún tó ń dùn ún yẹn díẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o."

Erin náà pa etí dé. Ó yíjú sódò, ó ń mumi.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn mi ní Gbági nìyí. Ẹ bèèrè oṣù kí ẹ tó bèèrè iye. Ẹ bèèrè pé aago mélòó ni ọkọ̀ ń jáde láàárọ̀, ṣé ẹ sì lè gba tiyín lọ́tọ̀. Ẹ bèèrè wákàtí tí iná máa ń wà. Ilé àlejò tó wà nínú igbó jíjìn, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn ró, torí náà ẹ ṣáájì fóònù yín nígbà tí iná bá wà, kí ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì dání. Òru méjì ni kó kéré jù, torí ẹ lè jáde láàárọ̀ kan kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan. Oògùn ibà àti àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà: ẹ má rìn ín lóru, kí ẹ sì wádìí bó ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, kì í ṣe bó ṣe rí nígbà témi lọ.

Kìnnìún ńkọ́? Díẹ̀ tó kù níbẹ̀ ò wọ́pọ̀ lójú. Tó bá jẹ́ kìnnìún nìkan lẹ fẹ́ rí, ẹ lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ fi owó ọkọ̀ òfurufú ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọdẹ tí ń pa ẹran láìgbàṣẹ ti ṣe igbó yẹn léṣe púpọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i fún àlejò ní 1962. Pé erin ṣì wà níbẹ̀ rárá, iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ bíi Mallam ni. Ẹ má ṣahun sí wọn.

Ohun kan wà tí ì bá ti ràn mí lọ́wọ́ ká ní mo tètè mọ̀ ọ́n. Ojú wa, àwa ará ìgboro, kò mọ ẹranko wò. Ìgbà tí Mallam bá ní "wò ó," ewé nìkan ni mò ń rí. Lẹ́yìn tí a dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ìbejì lọ sí igbó IITA, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, níbí n'Ìbàdàn, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Nǹkan bíi 350 hẹ́kítà igbó ló wà nínú ọgbà wọn, yàrá àlejò sì wà níbẹ̀ tí èèyàn lè sùn. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n o, kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn ń ya wọ̀. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ ẹ̀ ní Ìbàdàn nínú, Malimbus ibadanensis, dúdú tó ní pupa lórí àti láyà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wa yìí nìkan la ti ń rí i ní gbogbo ayé. Ìgbà kẹta tí a lọ ni Táíwò rí i. Èmi ò tíì rí i títí dòní. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró jẹ́ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú láì fọwọ́ kan fóònù, mo sì ti mọ̀ pé ẹ̀ka tó mì nígbà tí kò sí atẹ́gùn ni kí ojú kọ́kọ́ lọ bá.

Ìyá ọkọ mi ti ń bèèrè ìgbà tí a tún máa lọ. Wikki ló wà lọ́kàn ẹ̀, orúnkún ló ń sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba Ìkirè bọ̀ láti ibi ìnáwó kan, ó gbé dòdò wá fún mi, ewé mẹ́wàá, nínú kúlà kékeré kan. Ó ti fi àgádágodo há ẹnu ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn ẹ̀.