Ajá Wa Gbọ́ Fèrè

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run o! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n nìkan dá a yìn, nítorí ọpẹ́ yìí ju agbára ẹnu kan lọ. Èmi, ọkọ mi àti Tanímọ̀la ajá wa la jọ wọkọ̀ jáde sójú omi. Mẹ́ta la lọ, mẹ́ta la bọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín lílọ àti bíbọ̀ á mọ ìdí tí omijé fi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ajá lásán ló ń torí ẹ̀ jẹ́rìí?" Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ajá ló kọ́kọ́ bọ́ sómi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa méjèèjì.

Ọjọ́ náà dára láàárọ̀. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré la ní, irú èyí tí èèyàn méjì lè tù láìsí wàhálà. A ò dé agbami rárá, etíkun là ń tọ̀ lọ, a ṣì ń rí ilẹ̀ lápá ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jẹ́jẹ́, kò ju nọ́ọ̀tì 10 lọ (nọ́ọ̀tì ni àwọn atukọ̀ fi ń wọn eré afẹ́fẹ́ àti ti ọkọ̀). Tanímọ̀la lọ jókòó síwájú ọkọ̀, ó na imú sókè, etí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé òun ni kápítẹ́nì, pé àwa méjèèjì kàn ń sin ín lọ síbi tó ń lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi níbí. Nígbà tí ọkọ mi ra ẹ̀wù ìléfòó fún ajá, mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Baálé mi, ajá tó mọ̀wẹ̀ látinú ìyá rẹ̀ lẹ ra ẹ̀wù ìléfòó fún?" Wọn ò dá mi lóhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, oòrùn mú, ajá ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo bá bọ́ ẹ̀wù náà lára rẹ̀. Ọkọ mi wò mí. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi sí ajá lẹ́sẹ̀ àti lábẹ́ ikùn kí ara rẹ̀ lè tutù, wọ́n sì wọ ẹ̀wù náà padà fún un, wọ́n fa bẹ́líìtì rẹ̀ kí ó le. Wọn ò sọ̀rọ̀ kankan. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí Ọlọ́run fi hàn mí pé òmùgọ̀ ni mí.

Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ló máa ń tan èèyàn jẹ nínú ọkọ̀ onígbòkun. Bó bá ń ti ọkọ̀ látẹ̀yìn, èèyàn ò ní tètè mọ bó ṣe le tó, nítorí ọkọ̀ àti afẹ́fẹ́ jọ ń sáré lọ síbì kan náà ni. Nígbà tí a fi máa kíyè sí i, ó ti wọ nọ́ọ̀tì 20. Omi náà sì ti yí, ó ń ṣàn bọ̀ wá pàdé afẹ́fẹ́, ìgbì wá ń dìde gàgàrà, ọ̀kan ń gun ọ̀kan. Èmi ni mo wà nídìí ìtọ́kọ̀. Ó yẹ ká ti dín ìgbòkun kù. Ó yẹ ká ti fi okùn so igi gbọọrọ tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá mú mọ́ apá iwájú ọkọ̀, kó má lè fò sódìkejì. A ò ṣe ọ̀kankan. Ara ló ń tù wá.

Ìgbì kan wá yí ìdí ọkọ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ kó sẹ́yìn ìgbòkun, igi náà fò láti apá kan bọ́ sí ìkejì, gbàgà! Ọkọ mi tẹrí ba. Bí wọn ò bá tètè tẹrí ba ni, ọ̀tọ̀ lohun tí ǹ bá máa sọ lónìí. Ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tanímọ̀la, tó ti dìde láti wá wò wá, yọ̀ lórí pákó tó ti tutù, ó gba abẹ́ okùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá.

N ò gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó bọ́ sómi. Ìyẹn ló ṣì ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní.

Ọkọ̀ tó bá ń sá ní nọ́ọ̀tì 6 ń rin mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ẹ tó ka oókan dé ọgbọ̀n, ẹ ti fi ajá sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà 90 sẹ́yìn, orí ajá láàárín ìgbì ò sì ju orí àgbọn lọ. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí ẹnì kan na ìka sí ẹni tó bọ́ sómi, kó má mójú kúrò lára rẹ̀, kó má sì ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti jágbe mọ́ ọkọ mi: "Nàka sí i! Má mójú kúrò! Ìwọ ni mò ń bá wí!" Èmi tí n kì í pè wọ́n ní "ìwọ" láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó! Wọ́n nàka, wọn ò wẹ̀yìn. Inú ò bí wọn nígbà yẹn. Ìgbà tí a délé ló tó bí wọn.

Mo fi ìkánjú tan ẹ́ńjìnnì. Okùn tó ń darí ìgbòkun iwájú ti já sínú omi nígbà tí ọkọ̀ dà, n ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ lábẹ́ omi lọ́ ọ mọ́ra gírígírí. Ẹ́ńjìnnì hu lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìgbòkun iwájú náà di aláìwúlò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wá ku ìgbòkun ńlá nìkan, àti ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n.

Mo yí ọkọ̀ padà. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ẹni tó wà lómi ni pé kí afẹ́fẹ́ máa bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níwájú díẹ̀, kí wọ́n lè tú ìgbòkun sílẹ̀ bí wọ́n bá dé ìtòsí, kí ọkọ̀ sì dúró. Lẹ́nu, ó rọrùn. Nígbà àkọ́kọ́, eré mi pọ̀ jù, a kọjá lára rẹ̀ ní nǹkan bí mítà 5. Mo rí ojú rẹ̀. Ó wò mí. Nígbà tó rí i pé a ń kọjá lọ, ó kẹ̀yìn sí wa, ó dojú kọ ilẹ̀, ó ń wẹ̀ lọ, ilẹ̀ tó jìnnà ju ohun tí agbára ajá lè gbé.

Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ, pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà mí. Àfi bí ọwọ́ mi ṣe kan fèrè kékeré tó wà lára ẹ̀wù ìléfòó tèmi, èyí tí wọ́n so mọ́ ọn kí ẹni tó wà lómi lè fi pe èèyàn. N ò fọn ọ́n rí. Mo fi í sẹ́nu, mo fọn ọ́n títí etí mi fi ń hó. Láàárín fífọn kan sí òmíràn, mo ń sọ pé, "Olúwa, jẹ́ kí ajá yìí gbọ́."

Ó gbọ́ o! Ẹ bá mi pariwo Halelúyà! Mo rí i tí orí rẹ̀ yí, tí imú dúdú yẹn kọjú sí wa, tó ń fi ẹsẹ̀ wa omi bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo tètè tú ìgbòkun sílẹ̀. Ọkọ̀ lọ́ra, ó dúró. Ọkọ mi ti so ara wọn mọ́ ọkọ̀, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí pákó, wọ́n na ọ̀pá oníkọ̀ọ́ jáde. Ẹ̀wù tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ní ọwọ́ kan lẹ́yìn, bí ọwọ́ báàgì. Ìkọ́ mú un níbẹ̀. Wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n sì gbé e wọlé. Ajá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí irun rẹ̀ ti fa omi mu, tí kò lókun mọ́, ibo la bá ti dì í mú ká ní ìhòòhò ló wà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́? Etí ni àbí ìrù?

Mo dì mọ́ ọn, mo ń sunkún, n ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti ń tì wá lọ sídìí àpáta ní gbogbo àkókò yẹn. Ìgbòkun kan ò lè fà wá kúrò níbẹ̀. Ọkọ mi mú ọ̀bẹ, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gé okùn lábẹ́ ọkọ̀. Mo di ṣòkòtò wọn mú. Ọkọ̀ tó ń fò sókè sódò nínú ìgbì á kàn fọ́ wọn lórí ni. A ju ìdákọ̀ró. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 8, a tú ṣéènì mítà 20, ìdákọ̀ró ń wọ́ tuuru. A tú u dé mítà 40, kí ṣéènì lè sùn sílẹ̀ dáadáa kó sì fa ìdákọ̀ró nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó mú. Àpáta wà lẹ́yìn wa, mo lè ka àwọn ẹyẹ orí rẹ̀.

Ọkọ mi bọ́ sórí rédíò ọkọ̀, ìkànnì 16, èyí tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ lójú omi. Wọ́n ní "Pan-Pan" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìpè ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ kíákíá, kì í ṣe "Mayday", ìpè ẹni tí ikú ti dé bá, nítorí ìdákọ̀ró ṣì mú wa, ikú ò tíì kanlẹ̀kùn. Wọ́n sọ orúkọ ọkọ̀, ibi tí a wà, ohun tó ṣe wá, èèyàn méjì, ajá kan. Ẹni tó dáhùn fara balẹ̀ bi wá bóyá gbogbo wa wọ ẹ̀wù ìléfòó. Ó tún ní, "Ajá náà ńkọ́?" Ọkọ mi yíjú, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn apẹja tó wà nítòsí ló gbọ́ ìpè náà tí wọ́n wá ju okùn sí wa, wọ́n fà wá dé èbúté. Wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ọlọ́run á bá wa san án fún wọn.

Tanímọ̀la bì lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, nítorí omi òkun tó mu, iyọ̀ rẹ̀ sì lè pa ajá bó bá pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń fún un lómi tó dára. Dókítà ẹran gbọ́ èémí rẹ̀, ó ní ká máa ṣọ́ ọ lóru, kí omi má lọ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A ṣọ́ ọ, a ò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dìde, ó gbọnra, ó lọ dúró tì abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Mo ti tọrọ ìdáríjì "ìwọ" yẹn lórí ìkúnlẹ̀. Fèrè náà ṣì wà lọ́rùn mi. Bí mo bá fọn ọ́n nínú ilé, Tanímọ̀la á sáré wá, ọkọ mi náà á sáré wá.