Ọdún tí mi ò kí ẹnikẹ́ni kú ọdún

Káàdì 40 ni mo kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2024 yìí, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó kí ẹnikẹ́ni kú ọdún.

Ọ̀rọ̀ káàdì ọdún kì í ṣe eré ní Japan níbí. Nengajō ni wọ́n ń pè é. Bí o bá ti fi í sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ kí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá tó kọjá, wọn á kó o pamọ́, àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún gan-an ni wọ́n á tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n bí ikú bá wọ ilé rẹ láàárín ọdún, o ò ní kí èèyàn, èèyàn ò sì ní kí ọ. Kí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn ni wàá ti fi káàdì mìíràn ránṣẹ́ sí wọn, mochū hagaki, pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, ẹ má bínú, a ò ní lè kí yín kú ọdún. Òdòdó kan ṣoṣo ni wọ́n yà sára tèmi, àwọ̀ eérú. Owó ìfiránṣẹ́ ti kúrò ní yẹ́ẹ̀nì 63, ó ti di 85 láti oṣù Kẹwàá, mo sì bínú sí yẹ́ẹ̀nì 22 yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń wá nǹkan tó máa bínú sí.

Bàbá mi ló kú. Oṣù Karùn-ún, ní London. Ẹni ọdún 81.

Màá padà síbẹ̀. Ọdún ò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: Peckham ní London ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi wọ Japan. Láti ọdún 2019 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Kanazawa, níbi tí òjò ti ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń sọ pé bí o bá tiẹ̀ gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ sílé, má gbàgbé agbòjò. Ìyẹn nìkan ti mú kí ara ọmọ London balẹ̀. Àrá ibẹ̀ ni kò bá mi lára mu. Oṣù Kejìlá ló ń sán jù. Ṣàngó ilẹ̀ yìí kì í gba ìsinmi Kérésì, àwọn apẹja sì máa ń dunnú bó bá ti ń pariwo, wọ́n ní òun ló ń jí ẹja buri dìde.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, mo wà lọ́dọ̀ Ìyá Ìsàlẹ̀. Èmi ni mo sọ ìyá àgbà tó ń gbé lábẹ́ mi lórúkọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. A ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ kotatsu, tábìlì kúkúrú tí iná wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ nípọn bò, à ń bó ọsàn jẹ. Fóònù àwa méjèèjì ké lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó gbé e, ilẹ̀ ti ń mì. Ọ̀dọ̀ wa ò le tó ti Noto, ilẹ̀ tó yọ sínú òkun lápá òkè wa, níbi tí agbára ìmìtìtì ilẹ̀ náà ti dé 7.6. Ilé wó lulẹ̀ ní ìlú Wajima níbẹ̀, ọjà àárọ̀ wọn tó lókìkí jóná. Obìnrin tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n NHK jágbe mọ́ wa pé kí àwọn tó wà létí òkun sá. Mi ò gbọ́ kí ará Japan jágbe bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Ìsàlẹ̀ pa iná kotatsu, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn kí ó má baà há, ó padà wá jókòó, ó sì fi ìyókù ọsàn náà lé mi lọ́wọ́.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù ní Peckham tí bàbá mi fi pè.

"Àṣàkẹ́, ilẹ̀ ibo ni wọ́n ní ó ń mì lórí rédíò yìí?"

"Tiwa ni, Dádì. Àlàáfíà la wà, sà."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mò ń jẹ ọsàn, sà."

"Ọsàn kì í ṣe oúnjẹ."

Ìkíni ọdún tó gbẹ̀yìn tí mo gbà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó kú, ibi iṣẹ́ mi fún mi ní ọjọ́ 7. Ní Japan, ọjọ́ méje tó, ó tún ṣẹ́ kù. Nínú 100 òkú, ó lé ní 99 tí wọ́n ń sun níná, láàárín ọjọ́ mélòó kan gbogbo rẹ̀ ti parí. Ní London, ọjọ́ 5 ni òfin fún wa láti lọ forúkọ ikú sílẹ̀, àmọ́ àwọn asìnkú ní kò sí àyè títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Mo pe iléèwé láti tọrọ ọjọ́ kún ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni igbákejì ọ̀gá bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá mo gbọ́ ọjọ́ náà dáadáa.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Níbo wá ni bàbá yín wà báyìí?"

Nínú fíríìjì, sà. Mi ò mọ ọ̀nà tó níyì tí mo lè gbà sọ ọ́ ní èdè Japan. Ká má parọ́, mi ò mọ̀ ọ́n ní Yorùbá náà. Mo ní ó ń dúró.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, àṣà méjì ni mo ń gbé láàárín wọn. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ òyìnbó kọ káàdì, wọ́n jù ú sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yọ́ kẹ́lẹ́ lọ. Ọ̀kan tí mo bá pàdé níwájú ilé bá mi kẹ́dùn, ó wá wo òkè, ó ní ó dà bíi pé òjò máa rọ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni inú mi kò fi yọ́ sí i. Nínú ilé, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Dádì kún pálọ̀ láti Luton títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, "ẹ kú ará fẹ́ra kù" lọ́tùn-ún, "ta ló gbé ìkòkò ọbẹ̀?" lósì. Òkú àgbà ni, nítorí náà lẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ àlùkò la wọ̀, gèlè fàdákà, a gba gbọ̀ngàn, a jó títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ màmá mi.

Nígbà tí mo padà, mo fi fọ́tò náà han àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́. Ọ̀kan bi mí bóyá ẹnìkan ṣègbéyàwó nígbà tí mo wà nílé.

Wọ́n ti da owó ìbánikẹ́dùn jọ fún mi, kōden, nínú àpòòwé tí wọ́n fi okùn dúdú àti funfun dì. Owó tó ti ṣá ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀. Tí o bá fi owó tuntun sí i, á dà bíi pé o ti ń múra de ikú olóògbé tẹ́lẹ̀. Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń wá owó tuntun kiri London láti fi ná àwọn onílù. Mi ò sọ ọ́ fún wọn. Fọ́tò yẹn ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Èèyàn a sì máa dá nǹkan padà, bí ìdajì iye tó gbà. Tíì ni mo rà fún wọn, kaga bōcha, igi ewé tíì tí wọ́n yan, èyí tí Kanazawa fi ń yangàn. Dádì ì bá da mílíìkì agolo sí i, ì bá bu ṣúgà mẹ́ta, gbogbo ìlú ì bá sì bú sẹ́kún.

Ìyókù ọdún sáré. Oṣù Kẹjọ, mò ń wo fóònù bí àwọn tó ń bínú sí àwọn aṣíkiri ṣe ń sọ òkò, tí wọ́n ń jó ọkọ̀ kiri àwọn ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, màmá mi kò jáde fún ọjọ́ méjì. Ẹnìkan bi mí níbi iṣẹ́ bóyá orílẹ̀-èdè mi fararọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í pé èwo nínú wọn. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, àgbàrá tún wọ ilé àwọn ará Noto, títí kan ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ fún àwọn tí ìmìtìtì ilẹ̀ lé jáde. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ìyẹn. Ní Kérésì mo lọ síbi iṣẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, nítorí ọjọ́ 25 kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi níbí, mo sì to sórí ìlà adìyẹ dídín KFC nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú gbogbo ìlú. Ohun tí mo ṣàárò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún kò pọ̀: ilé tó móoru láti yàrá dé yàrá, àti ọjọ́ kejì Kérésì tí kò sẹ́ni tó ń retí ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wò ó, ohun tí mo pè ní àṣà ilé nígbà tí mò ń bọ̀, àwọn olùkọ́ mi ní London kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí mo fi gbìyànjú láti kí olùkọ́ mi "ẹ kú ìjókòó" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó rẹ́rìn-ín títí, mi ò sì dán an wò mọ́. Níbí, bí mo bá ń kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n á ní otsukaresama, mo sì mọ̀ ọ́n: ẹ kú iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń jáde nílé ní ohun tó ń wí, ẹni tó ń gbélé ní èsì tó ń fọ̀. Orúnkún mi pàápàá, ilé Màmá ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí ẹní.

Ní ọjọ́ 12 oṣù yìí, wọ́n kéde àmì ìkọ̀wé ọdún, ẹyọ kan tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe gbogbo ọdún, ní tẹ́ńpìlì Kiyomizu-dera ní Kyoto: 金. O lè kà á sí wúrà, torí àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì, o sì lè kà á sí owó, torí owó ẹ̀bùrú àwọn olóṣèlú. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi yan tiwọn. Ọ̀kan kọ "oorun". Wọ́n ní kí èmi náà kọ, mo kọ 待, matsu: dúró. Lẹ́yìn ilẹ̀ tó mì, a dúró de òmíràn. A dúró de àyè ìsìnkú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni wọ́n sì ti ń so okùn mọ́ àwọn igi páìnì ọgbà Kenrokuen láti òkè dé ilẹ̀, bí agbòjò ńlá, kí yìnyín má baà ṣẹ́ ẹ̀ka wọn. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lánàá, kò tíì sí yìnyín kankan.

Agogo mọ́kànlá alẹ́ ti lù. Láìpẹ́ agogo tẹ́ńpìlì á bẹ̀rẹ̀, ìgbà 108 ni wọ́n máa lù ú. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, tó bá di òru ní London, màmá mi á pè, á ní a kú ọdún, a kú ìyèdún. Mo ti kọ káàdì 40 pé ìkíni ò sí. Mi ò kọ sí Màmá.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn báyìí, mo dìde. Ìyá Ìsàlẹ̀ ni, ó gbé àwo méjì ṣọ́bà, núdù ìparí ọdún, sórí tíréè. Ó ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo Japan ń sọ lálẹ́ òní, ó pa á dé, ó wo ojú ọ̀run lẹ́yìn mi.

"Òtútù mà mú o," ló wí.

Mo ní, "Ó mú gan-an, mà."